Onílé Tí Wọ́n Ń Ṣe Bí Àlejò: Ọ̀rọ̀ Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Láti Láfẹ́nwá

Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bóyá ni eré kan wà láyé tí òwe yìí bá mu bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ní àǹfààní tí àlejò kò ní: ó mọ bí pápá náà ṣe rí, orí ibùsùn rẹ̀ ni ó sùn mọ́jú, kò sì rin ìrìn àjò kankan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní àwọn ènìyàn tirẹ̀ lórí ìjókòó, àwọn tí ariwo wọn ń mú ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù yá, tí ó sì ń mú ọkàn àlejò domi. Àwọn wọ̀nyí ni onílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà yóò rí i pé onílé yìí gan-an ni ìyà ń jẹ jùlọ. Àlejò ní ọkọ̀ tí ó gbé e wá, ó ní yàrá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ dè é, ó sì ní ọlọ́pàá tí ó ń sin ín. Onílé kò ní nǹkan kan àyàfi ìfẹ́ tí ó ní sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a fi olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan tí ó ń gbé Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Láfẹ́nwá kì í ṣe àdúgbò tí ọwọ́ ti ń dilẹ̀. Ọjà ńlá wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wà níbẹ̀, afárá tí ó gba orí Odò Ògùn kọjá náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà nítorí bọ́ọ̀lù ti pàdánù owó kí ó tó wọ máruwá tí yóò gbé e dé Kútò, níbi tí pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá wà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí ó máa ń wà lẹ́nu afárá, yóò pàdánù àkókò pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ó tó san kọ́bọ̀ kan lẹ́nu géètì ni ó ti san owó ìwọlé àkọ́kọ́.

Kí ni ó sábà máa ń dúró de irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àwọn pápá ìṣeré ilẹ̀ yìí? Ẹni tí ó bá ń lọ déédéé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè. Àná ni ó gbọ́ pé aago mẹ́rin ni. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti sún un síwájú, tàbí pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọjọ́ mìíràn. Géètì mẹ́rin ni ó wà, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ń tò lórí ìlà, ẹni tí ó mọ ọ̀gá kan ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí èrò bá pọ̀ díẹ̀, kóbókò ni wọ́n fi ń tò wọ́n, bí ẹni ń da màlúù. Nígbà tí ó bá wọlé tán, oòrùn ni òrùlé rẹ̀. Kò sí omi, ilé ìtura sì wà ní títì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé agbábọ́ọ̀lù tí ó wá wò ti farapa láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, tàbí pé wọ́n ti tà á. Bí eré bá parí, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ sì ti wọ́n. Yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí yóò ti rí èyí tí yóò gbé e padà sí Láfẹ́nwá. Bí wọ́n bá wá na ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ gbogbo èyí, ìyà ti di méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wà nítòsí ilé rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò san níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ẹni tí ó ni ibẹ̀ sì mọ orúkọ rẹ̀. Ètò líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Èyí ni àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù wa kì í rò nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ara wọn di ọmọ Arsenal àti Chelsea, pé wọn kò ka bọ́ọ̀lù abẹ́lé sí. Bí ènìyàn bá mọ aago tí wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù ní London, tí kò sì mọ aago tí wọn yóò gbá a ní Kútò, ìlú wo ni ilé rẹ̀? Ibi tí wọ́n bá ti ka ènìyàn kún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù jẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìran tí ó ṣáájú rí ohun tí ìran yìí kò rí. Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ Abiola Babes, tí olóògbé Olóyè Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá dá sílẹ̀, sọ Abẹ́òkúta di ìlú tí gbogbo Nàìjíríà ń bẹ̀rù lórí pápá. Wọ́n dé àṣekágbá ìdíje ife Challenge ní ọdún mẹ́rin tẹ̀léra. Ní 1984 àti 1986, ẹgbẹ́ Leventis United ti Ìbàdàn ni ó gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn. Ní 1985 àti 1987, àwọn ni wọ́n gbé ife náà wálé. Ogójì ọdún ti kọjá, àwọn àgbàlagbà ṣì ń rò ó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì wà lónìí? Kò pẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́gun wọ̀nyẹn tí Leventis United kógbá sílé, Abiola Babes náà sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí owó ẹni tí ó dá wọn sílẹ̀ kúrò lẹ́yìn wọn, kò sí ẹlòmíràn tí ó ní àṣẹ láti sọ pé kí wọ́n má kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n fi ohùn wọn gbé àwọn ẹgbẹ́ náà ga kò ní ìbò kan ṣoṣo níbi tí wọ́n ti pinnu ikú wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń dun olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nílé kì í ṣe pé wọ́n na ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí a ṣe ń nani ni a ń nani padà. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé wọ́n ń pè é ní onílé, ṣùgbọ́n kò ní ohùn kankan nínú ilé náà.

Ìtàn bọ́ọ̀lù wa fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 12, oṣù Bélú, ọdún 1977, ní pápá ìṣeré Surùlérè ní Èkó, Nàìjíríà kojú Tunisia láti wá àyè nínú ìdíje ife àgbáyé ti 1978. Góòlù kan ṣoṣo ni ó wọlé ní ọjọ́ náà, ọmọ Nàìjíríà, Godwin Odiye, ni ó sì ṣèèṣì fi orí kàn án sínú àwọ̀n ara wọn. Tunisia ni ó lọ sí Argentina. Ọdún mẹ́tà péré lẹ́yìn náà, ní pápá kan náà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, gbá góòlù méjì sáwọ̀n Algeria, Nàìjíríà sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ayò mẹ́ta sí òdo. Àwọn tí wọ́n sunkún ní 1977 ni wọ́n jó ní 1980. Èyí ni bọ́ọ̀lù: ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ korò, ó sì tún dùn. Kò sí olólùfẹ́ tí kò lè gbé irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ mì.

Èyí tí kò ṣeé gbé mì ni kí ènìyàn lọ wo bọ́ọ̀lù kí ó má padà wálé. Ní ọjọ́ 12, oṣù Ògún, ọdún 1989, ní Surùlérè yìí kan náà, Nàìjíríà na Angola. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ lórí pápá ní ọjọ́ náà, tí ó sì kú. Àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn òǹwòran kan náà kú nínú èrò tí ó há mọ́ra nínú pápá náà pọ̀ ju àwọn tí ó mọ̀ lọ. Agbábọ́ọ̀lù ní ère ìrántí. Ó sì tọ́ sí i. Òǹwòran kò tilẹ̀ ní orúkọ nínú ìtàn. Bí ìlú bá lè gbàgbé àwọn tí ó kú lórí ìjókòó, kí ni yóò mú un rántí àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ níbẹ̀?

Ti ọdún 2022 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ìjọba àpapọ̀ ti fi orúkọ Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá yìí kan náà, pe pápá ìṣeré ńlá ti Àbújá ní 2019. Ní ọjọ́ 29, oṣù Ẹ̀rẹ́nà, ọdún 2022, Nàìjíríà àti Ghana pàdé níbẹ̀ láti mọ ẹni tí yóò lọ sí Qatar. Ọ̀mì òdo-sí-òdo ni wọ́n gbá ní Kumasi. Ní Àbújá, Thomas Partey gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Ghana, William Troost-Ekong fi pẹ̀nárítì dá a padà, ó sì parí sí ọ̀kan sí ọ̀kan. Nítorí pé ilé ẹlòmíràn ni Ghana ti gbá góòlù tirẹ̀, Ghana ni ó lọ. Èrò ya wọ pápá, wọ́n fọ́ ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Dókítà kan láti orílẹ̀-èdè Zambia, tí ó wá ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò oògùn fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, kú ní pápá náà ní ọjọ́ yẹn. FIFA bu owó ìtanràn 150,000 fránkì ilẹ̀ Switzerland lé Nàìjíríà lórí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìsí òǹwòran.

Kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò gbèjà àwọn tí ó fọ́ nǹkan ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá sọ òkúta sí ilé ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń bínú orí tí ó fẹ́ fi fìlà dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí inú fi ń bí onílé dé ibi tí yóò fi ba ilé jẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé tòun ni kì í sábà fọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n fi kóbókò gba wọlé, tí kò sí ibi tí ó ti lè béèrè ọ̀rọ̀, tí kò sí ọjọ́ tí wọn yóò ka ìṣirò owó fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù tí yóò fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyà náà sì dé, ta ni ó jẹ ẹ́? Kì í ṣe àwọn alákòóso. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹwòran, títí kan ẹni tí ó wà ní Láfẹ́nwá tí kò fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu àwọn tí ó ń ṣàkóso pẹ̀lú. Wọn yóò ní owó tí ń wọlé láti ẹnu géètì kò tó nǹkan, pé ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í fẹ́ san án, pé àwọn kan ń fo ògiri, pé àwọn kan ń lu rẹfirí. Òótọ́ ni apá kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi tọkàntọkàn sanwó fún ohun tí kò mọ ọjọ́ tí yóò wáyé? Wọn yóò tún ní ìjọba ti ń tún pápá ṣe. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú: nígbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Èbìbí, 2025, wọ́n tún pápá Kútò ṣe, ó sì dùn ún wò. Ẹni tí ó bá ṣe rere, kí a yìn ín. Àmọ́ ilé tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kò di tẹni títí wọn yóò fi fún ni ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Gateway United, ẹgbẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ti wà ní ìpele tí ó ga jùlọ rí. Ó pẹ́ tí ó ti ń jìjàkadì ní ìpele kejì. Kì í ṣe kọnkéré ni ó ṣe aláìní.

Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, wọn yóò ní ẹ wo ohun tí ènìyàn kan ṣoṣo lè ṣe. Àpẹẹrẹ rere ni. Ní 2025, ẹgbẹ́ tí Olóyè Kúnlé Ṣónámẹ̀ ni yìí gba ife líìgì Nàìjíríà. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní 2000, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kankan tí ó tún fọwọ́ kàn án. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, nínú ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà, Mamelodi Sundowns ti South Africa wá bá wọn ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì nà wọ́n ní ànàbolẹ̀. Ìjákulẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Sundowns ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí eré ńlá dé sí ẹnu ọ̀nà Ẹ̀gbá, ẹgbẹ́ ará Rẹ́mọ ni ará Ẹ̀gbá ní láti yá pariwo fún. Ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n aṣọ àyálò kì í báni mu dáadáa. Ìrántí Abiola Babes sì yẹ kí ó kọ́ àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ pàápàá pé ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àpò ẹnì kan, bí ó ti wù kí ẹni náà lawọ́ tó, ọjọ́ tí àpò náà bá dí ni òun náà yóò dí.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ilẹ̀ Jámánì, òfin líìgì wọn sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ ní ìdajì ìbò àti ẹyọ kan lé. Olówó lè mú owó wá, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ẹgbẹ́ wọn kò lè dá pàṣẹ. Ní London, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2002 pé kí ẹgbẹ́ Wimbledon kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀ lọ sí ìlú Milton Keynes, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò sunkún títí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ fúnra wọn, AFC Wimbledon, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n padà sí líìgì ńlá ní 2011, wọ́n sì padà sí àdúgbò Plough Lane tiwọn ní 2020. Ẹ̀yìn ọdún méjìdínlógún ni, ṣùgbọ́n wọ́n délé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ti òyìnbó ni èyí, kí ó rántí Lísàbí. Kí ni Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà fi gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ agbára Ọ̀yọ́? Kì í ṣe owó olówó kan, kì í ṣe àánú ọba kan. Àáró ni: lónìí, gbogbo ọwọ́ lóko tèmi, lọ́la, gbogbo ọwọ́ lóko tìrẹ. Inú ẹgbẹ́ àáró náà ni agbára ti yọ. Ìlú tí àáró sọ di òmìnira kò yẹ kí ó máa dúró de olówó kan kí ó tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó lè pè ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòroó sọ. Kí ètò gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Gateway United jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà Láfẹ́nwá, Ìtòkú àti Sàpọ́n. Bí ọjọ́ bá yí padà, kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò, kí ẹni tí ó bá ní i má sì tò mọ́ fún ẹni tí ó mọ ọ̀gá. Kí gbogbo géètì wà ní ṣíṣí, kí omi àti ilé ìtura wà, kí kóbókò sì kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ń tò èrò. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni pé kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí wọ́n máa san owó oṣù tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè san, kí wọ́n sì dìbò yan aṣojú tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà. Lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ìṣirò owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sétí gbogbo wọn.

Àwọn olólùfẹ́ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ onílé gbọ́dọ̀ san owó ìwọlé, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó jókòó tì í pé kí ó má ju ike omi lu rẹfirí, ó sì gbọ́dọ̀ wá sí ìpàdé, kì í ṣe sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nìkan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba kò lè dá a ṣe, òǹwòran náà kò lè dá a ṣe.

Bí gbogbo èyí bá tilẹ̀ wáyé, wọn yóò ṣì máa na Ẹ̀gbá nílé nígbà mìíràn. Kò sí òfin tí ó lè dá ìyẹn dúró, kò sì yẹ kí ó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá nà nínú ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀ yóò lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, yóò sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà nínú ilé tí wọ́n ti ń lé e kiri ni kì í padà wá mọ́. Ìjókòó tí ó ṣófo ní Kútò ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Etí tí yóò gbọ́ ọ ni ó kù.